Ẹṣin Kò Ní Kílọ́ọ̀ṣì

Ìgbà kẹta nìyí tí ilẹ̀ ọjà àgbò Alaba Rago yóò gba Ṣàkírù lálejò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìdí ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ẹrẹ̀. Ìgbẹ́ àgbò. Òjò àárọ̀ tí ilẹ̀ kò tíì fà mu. Àwọn àgbò Iléyá tí wọ́n so mọ́ èèkàn ń wò ó, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ.

"Bàbá, ẹ dìde," ni Málàámù Túkùr wí. Òun ló ni ẹṣin pupa tó dá Ṣàkírù, òun ló sì ń kọ́ ọ ní ẹṣin gígùn. "Bí ẹṣin bá dáni, a tún un gùn ni. Ẹ̀yin Yorùbá lẹ pa á lówe, kì í ṣe èmi."

"Ẹni tó pa á ò wa típà rí," Ṣàkírù dáhùn. Ó dìde. Ó fọwọ́ ti ìbàdí.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni lọ́dún 1990 yẹn. Ọdún méjìlélógún nídìí típà. Iyanrìn ló ń kó láti etí omi Ọ̀jọ́ lọ sí Ìbà, lọ sí Okokomaiko, níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń kọ́lé. Ilé tí iyanrìn rẹ̀ wà lára ògiri wọn kò lóǹkà. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n ń forúkọ rẹ̀ pè. Yàrá méjì ni òun àti Àdìjá ìyàwó rẹ̀ háyà n'Ìbà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè jẹ́ tirẹ̀. Oyè bàbá rẹ̀. Sárùmí, olórí ẹlẹ́ṣin. Nílé wọn l'Òkè Ògùn, ẹni tí wọ́n bá fà kalẹ̀ fún oyè náà gbọ́dọ̀ gun ẹṣin láti agboolé dé yídì láàárọ̀ Iléyá. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò di ìjánu mú. Bí ó bá já bọ́, tàbí tí ẹlòmíì bá bá a di ìjánu, oyè ti rékọjá sí ojúlé kejì nìyẹn. Àlàní ló wà lójúlé kejì, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó dàgbà sórí ẹṣin. Ó ti ránṣẹ́ sí Èkó: "Ẹ bá mi sọ fún bùrọ̀dá pé ẹṣin ò ní táyà o."

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ẹsẹ̀ ló ń dà á láàmú. Bí ó bá ti jókòó sórí gàárì, ẹ̀rù á bà á, ẹsẹ̀ òsì á tẹ àlùkẹ́ńbù mọ́lẹ̀, gìgísẹ̀ ọ̀tún á gún ẹṣin nínú ìhà, ọwọ́ á sì fa ìjánu. Ẹṣin gbọ́ máa lọ. Ó tún gbọ́ dúró. Lẹ́ẹ̀kan náà. Ni yóò bá pòyì, ni yóò bá da dẹ́rẹ́bà nù.

"Kí lẹ̀ ń fẹsẹ̀ òsì yẹn tẹ̀, Bàbá?"

"Kílọ́ọ̀ṣì."

Málàámù rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. "Haba! Ẹṣin ò ní kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ ń tẹ tọ́tù, ẹ tún ń tẹ búréèkì. Mọ́tò yín gan-an, ṣé ó máa gbà fún yín?"

Nírọ̀lẹ́, Àdìjá a máa fi òrí ra á lẹ́yìn.

"Bàbá Fàtáì, ṣé dandan ni? Ẹ jẹ́ kí Àlàní máa jẹ ẹ́."

"Kí ló máa wá kù fún mi?"

Àdìjá tún bu òrí sí i. Ó ń ra á lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kó wọkọ̀ lọ sílé, típà rì sínú iyanrìn létí omi. Ṣọ́bìrì ló fi kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ló tún fi kó o padà. Nígbà tó dé Alaba Rago, apá rẹ̀ kò ṣeé gbé. Ó gun ẹṣin nítorí pé ó ṣáà ti dé ibẹ̀. Kò lágbára àtitẹ nǹkan. Kò lágbára àtifa nǹkan. Ẹsẹ̀ méjèèjì rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá.

Ẹṣin mí kanlẹ̀. Ó ń lọ.

Ó kọjá lára àwọn àgbò. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń já páálí rédíò lẹ́bàá Ọjà Àlàbá. Ó yí padà wá bá Málàámù.

"Bàbá! Kí lẹ ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ó rẹ̀ mí ni."

"Ẹ rí i pé ó rẹ̀ yín bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ọdún."

Ṣùgbọ́n nígbà tó délé l'Òkè Ògùn, wọ́n fún un níyán, ó sùn àsùnwọra. Láàárọ̀ Iléyá, ara le koko. Ẹṣin funfun ni wọ́n mú wá fún un, èrò yí agboolé ká. Ó gùn ún, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ òsì tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹṣin pòyì. Àwọn obìnrin figbe ta.

Àlàní na ọwọ́. "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá yín dì í mú."

Ìka rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan ìjánu. Ṣàkírù ronú kan ṣọ́bìrì. Ó ronú kan iyanrìn, ọdún méjìlélógún, òkìtì lórí òkìtì. Àárẹ̀ náà dé, ó wá láti èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ó tú ẹsẹ̀ sílẹ̀.

"Fi í sílẹ̀, Àlàní."

Ẹṣin ń lọ. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí dé yídì.

"Sárùmí!" ni wọ́n ń kí i.  Ó jókòó gẹlẹtẹ sórí gàárì, eruku bo fìlà.

"Àlàní," ó ní, "ṣé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé mi sọ̀ kalẹ̀?"

Àlàní ronú. "Wọn ò sọ ìyẹn."

Ó gbé èjìká wá kí Ṣàkírù lè dì í mú sọ̀ kalẹ̀.