Òórùn Kábéèjì Nínú Búùtù

Nígbà tí owó epo gun òkè àjà, ọkọ mi gbé mọ́tò wa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yí mọ́tò sí gáàsì. Kò bi mí. Ìgbà tó dé tó ní kí n wá wo búùtù, sílíńdà gbọọrọ kan ló nà síbẹ̀, níbi tí mo máa ń kó ẹrù mi sí. Gáàsì tí mo fi ń dáná, ìta ni mo gbé e sí, mo sì máa ń gbàdúrà kí n tó ṣáná sí i. Òun wá fẹ́ kí èmi àti ọmọ máa jókòó, kí gáàsì wà lẹ́yìn wa.

Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ni mo máa ń rà ní Mile 12 láàárọ̀, ọkọ mi á sì gbé mi lọ pín in fáwọn oníbàárà mi nínú ẹ̀sítéètì ní Magodo. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi wọ ọkọ̀ èrò pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní bọ́ǹbù lọkọ mi rà. Aládùúgbò wa ní Ikosi ò jẹ́ ká páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò òun mọ́. Ọkọ mi bi mí pé epo tí à ń rà tẹ́lẹ̀, ṣé omi ni? Síbẹ̀, ẹ̀rù ò kúrò lára mi.

Nígbà tí àpò gbígbé fẹ́ já mi lẹ́yìn, mo wọ mọ́tò náà. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ òórùn gáàsì, mo sì figbe ta ní Ketu. Ọkọ mi páàkì, ó pe mẹkáníìkì. Ìyẹn po ọṣẹ, ó fi kun gbogbo oríkèé páìpù, ibì kankan ò hó. Ló bá fa ewé kábéèjì tó ti jẹrà, tó ń rùn bíi gáàsì, yọ lábẹ́ sílíńdà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ọkọ mi ń ròyìn mi fáwọn ẹbí rẹ̀, ọmọ mi náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bí mi. Mo ní n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé.

Lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn, à ń lọ kí oníbàárà mi kan tó bímọ ní Magodo. Ọmọ mi ti sùn lọ sẹ́yìn. Òórùn yẹn dé, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wo ọkọ mi, ó ń súfèé. Mo sọ fún ara mi nínú pé, obìnrin yìí, pa ẹnu ẹ mọ́, wọn á tún fi ẹ́ ṣẹlẹ́yà. Mo rọra yí wíńdò sílẹ̀.

Lẹ́nu géètì, gáàdì tó mọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí wíńdò, ó sì yáa fà sẹ́yìn.

"Mádàámù, kí ló ń rùn báyìí?"

"Kábéèjì ni."

Ó ní ká paná mọ́tò, ká ṣí búùtù. Búùtù ṣófo. A kì í lọ ọjà lọ́jọ́ Sunday, èmi fúnra mi ni mo sì fọ ibẹ̀ ní Saturday. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Látìgbà tí òórùn ti dé ni mo ti mọ̀.

Mi ò mọ bí mo ṣe gbé ọmọ mi jáde. Mo sáré títí bàtà mi kan fi bọ́. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé ọmọ sẹ́yìn mọ́tò. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, tó fi ọṣẹ kun ibi tí páìpù ti wọ sílíńdà, ó ń hó yaya. Àwọn àpò mi tí mò ń fi ẹsẹ̀ tì wọlé lójoojúmọ́ ló ti tú nọ́ọ̀tì tó di páìpù mú níbẹ̀. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, kò sì gbé e sílẹ̀ títí a fi délé.

A ti fi irin dí iwájú sílíńdà, a ṣì ń lo gáàsì. Láràárọ̀, kí ọkọ mi tó ṣáná sí mọ́tò, á ṣí búùtù, á dúró tòun ti kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, á ní, "Mọ́mì, wá bá wa gbóòórùn ẹ̀." Màá bẹ̀rẹ̀, màá fa imú. Ẹ̀rù gáàsì ò fi bẹ́ẹ̀ bà mí mọ́. Èmi tí mo gbọ́ òórùn tí mo dákẹ́ yẹn ni mò ń bẹ̀rù.