Ọ̀pọ̀lọ́ Uncle Oyèkànmí

"Dúró ná, Dàpọ̀, mi ò tíì débi omi ẹ̀rọ."

Ọ̀rọ̀ tí Uncle Oyèkànmí sọ kẹ́yìn nìyẹn. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà. Ṣáájú ìyẹn, Nọ́ọ̀sì Tasneem, ọmọ Ìbàdàn, gbé dírípù dé, Uncle ká apá mọ́ra.

"Orúkọ ta ló wà lára àpò yẹn?"

"Daddy, Ringer's ni. Orúkọ dírípù ni."

"Orúkọ èèyàn ni. Dókítà ni Ringer ní London, láyé àwọn baba ńlá wa. Jókòó."

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na apá," ni Dàpọ̀, ọmọ àbúrò rẹ̀, bẹ̀ ẹ́. "Omi ti gbẹ lára yín."

"Ìtàn ló ń kọ́kọ́ wọlé."

Tasneem jókòó, Uncle na apá. Nígbà tí Dàpọ̀ fẹ́ paná ni Uncle ní kó dúró. Lẹ́yìn náà ni oorun gbé e lọ láàárín ìtàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ ọ ló kọ́kọ́ sùn. Kò jí mọ́.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni Uncle ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó wá sí Amẹ́ríkà. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá kiri Atlanta: ẹni tí yóò gbọ́ ìtàn Ringer dópin. Àwọn èèyàn kì í dúró. Dàpọ̀ alára, ìyẹn tí wọ́n jọ ń gbé ní Tucker, lẹ́bàá Atlanta, á ti ki nǹkan bọ etí.

Lọ́jọ́ kan, Uncle gbé ọ̀pọ̀lọ́ lọ bá àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Redan, kí wọ́n lè rí ohun tí ìtàn náà dá lé. Ọ̀pọ̀lọ́ já, ó di orí àpò ìyàwó pásítọ̀.

"Ẹnì kan ló rán eléyìí," ni Mummy Oyèwùmí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì, wí.

Ni àdúrà bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí iná jó ẹni tó rán an. Uncle tó rán an náà ń ṣe àmín. Àmín tirẹ̀ ló lọ sókè jù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Tasneem fa Dàpọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bọ̀ọ̀dá, kí ló ṣe ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ inú ìtàn Daddy yẹn gan-an?"

Dàpọ̀ rò pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ó la ẹnu, gbogbo ẹ̀ jáde. Ringer fi ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ sínú omi iyọ̀, ọkàn ń lù. Àṣé omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi po iyọ̀ ọ̀hún, kì í ṣe omi tí wọ́n sẹ́ mọ́ tónítóní. Wọ́n wá lo èyí tó mọ́, ọkàn dákẹ́. Nǹkan kékeré kan tó dà bí ẹfun, tó wà nínú omi ẹ̀rọ, ló ń mú un lù. Ringer ò fi àṣìṣe náà pamọ́, ó kọ ọ́ síta.

"Ó tán?" ni Tasneem bi í.

"Ó tán."

"Ó dùn o. Daddy ì bá mà ti yára débẹ̀."

"Wọn ò yára rí."

Dàpọ̀ padà sí Tucker. Kọ́ọ̀pù Uncle ṣì wà nínú síǹkì. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó ń fọ̀ ọ́. Kọ́ọ̀pù ti mọ́ tipẹ́, kò tíì pa omi.