Ọ̀sán Tí A Wo Fíìmù Àwọn Onígìtá

Kí fíìmù náà tó dé rárá ni ara ò ti gba àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ mi mọ́. Onígìtá ni gbogbo wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni wọ́n ti ń ta á, ọ̀kan ní Ìgándò, ọ̀kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, àwọn yòókù ní Ìkòtún níbí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, orin ẹ̀mí ni wọ́n ń ta. Àmọ́ bí wọ́n bá ti bọ́ sùtánà tán báyìí, gìtá rọ́ọ̀kì ló kù tí wọ́n ń gbọ́, ti àwọn òyìnbó onírun gígùn tí wọ́n ń fa okùn gìtá bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà. Èmi ò mọ adùn rẹ̀. Wọ́n lè torí rẹ̀ jà. Mo ti rí àgbàlagbà méjì tí wọ́n di ọ̀tá ara wọn nítorí pé ọ̀kan ní òyìnbó tòun mọ gìtá í ta ju ti èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó ọ̀hún ò mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìkòtún.

Ọ̀kan nínú wọn, òṣìṣẹ́ báńkì, ló wá gbé ìròyìn dé pé òun ti rí fíìmù kan tó kó ìtàn àwọn gbajúmọ̀ onígìtá náà jọ.

"Kì í ṣe eré o, Ìyá Ìbejì," ó ń sọ fún mi, àfi bí ẹni pé mo bi í. "Dọkumẹ́ńtárì ni. Àwọn fúnra wọn ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n á sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, wọ́n á sì máa ta á lójú yín báyìí!"

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò jẹ́ kí n rímú mí. Télọ̀ ni mí, sùtánà ni mo ń rán. Ẹnì kan nínú wọn gbé awọ dúdú wá fún mi pé kí n fi rán wésíkóòtù fún òun nítorí ọjọ́ fíìmù. Awọ dúdú, nínú ooru Ìkòtún! Mo bú u, mo sì rán an. Abẹ́rẹ́ ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé mo fẹ́ fíìmù yẹn ju gbogbo wọn lọ. Nítorí ọkọ mi ni. Òun ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní gìtá, òun ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Etí ọkọ mi sì ti di.

Kì í ṣe lójijì. Ohùn tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ ń gbé sókè. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ohun tí a kò bi í, mo sì ń bínú, mo rò pé ó ń fojú di mí ni. Ẹnikẹ́ni ò fura ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọwọ́ onílù lọkọ mi ń wò, ẹnu àwọn akọrin ló ń wò, ó sì ń bá wọn lọ geere. Ohun tó tú àṣírí rẹ̀ kò ju pé ó dijú lọ. Orin ọjọ́ náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì dijú bí àwọn onígìtá ti máa ń ṣe. Àwọn akọrin dákẹ́. Onílù dákẹ́. Bàbá Ìjọ gbé ọwọ́ sókè láti gbàdúrà, ọkọ mi ṣì ń ta gìtá. Àwọn ọmọdé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà náà ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà tí ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká ló tó lajú. Mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbàdúrà pé kí n má tún rí irú rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a délé, ó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìgbà tó yá, kò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́.

A gbààwẹ̀. Wọ́n ta òróró sí i létí. Lẹ́yìn náà la lọ bá dókítà etí. Dókítà ní iṣan tó ń gbé ohùn wọlé ló ti kú. Wọ́n ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ̀ ọ́ létí pé kó wò ó bóyá á gbọ́, ọkọ mi mi orí pé rárá. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n gba kámú.

Kámú wo? N ò gbà á. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà pé kò tíì tán.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, ó ń pariwo bí àwọn tí kò gbọ́ ohùn ara wọn ti ń pariwo, "tí ohùn bá tóbi dáadáa, ó ń wọlé!"

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ó wá di pé mo ń dán an wò káàkiri. Mo ju ìkòkò sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò yíjú. Mo ní ìkòkò ti kéré jù. Tírélà fun fèrè lẹ́yìn wa lójú títì, èmi fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Mo ní fèrè tírélà kì í ṣe orin. Ọ̀ràn burúkú tòun tẹ̀rín! Mo ń jí lóru, mo ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí bó ṣe ń sùn, mo ń pè é títí ohùn mi á fi há, àwọn ará ilé á wá máa kan ògiri.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń retí fíìmù náà. Mo ní tí a bá lè wò ó ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, níbi tí àwọn sípíkà ńlá wà, tó sì jẹ́ pé gìtá tó fẹ́ràn jù láyé ló ń dún, tí ohùn yẹn bá wọ etí rẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan ṣì kù níbẹ̀. Tí kò bá sì wọlé... n kì í jẹ́ kí ọkàn mi dé apá ibẹ̀ yẹn.

Ọkùnrin tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù náà kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo lọ bá a, kò fẹ́ gbọ́ rárá.

"Màmá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò níbí. Ta ló fẹ́ wá wo òyìnbó tó ń ta gìtá?"

Èmi tí n kì í bẹ èèyàn, mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nítorí ọkọ mi ni. Ẹ bá mi ṣe é."

"Ẹ dìde jàre, ẹ má kó bá mi! Sátidé ni o, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Táwọn ọmọ bọ́ọ̀lù bá ti dé, màá pa á ni ṣá."

Lọ́jọ́ Sátidé náà, wọ́n ti kún ibẹ̀ kí a tó dé. Ẹni tí mo rán wésíkóòtù fún ti wọ̀ ọ́, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, kò bọ́ ọ. Ọ̀kan so àtàṣímẹ́ǹtì ìyàwó rẹ̀ mọ́ orí kí irun rẹ̀ lè gùn bíi tòyìnbó. Wọ́n fi ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. N ò jókòó tì í. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí mo ti lè máa wo ojú rẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ti kú tipẹ́. Inú ańpìlífáyà kan tó wà lẹ́yìn, lọ́dọ̀ ọ̀gá náà, ni ohùn ń gbà bọ́ sínú àwọn sípíkà ara ògiri. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó arúgbó kan jókòó sórí àga, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí gbogbo wọn ti dìde.

"Òun nìyẹn! Òun gan-an nìyẹn!"

"Ẹ jókòó, a ò ríran!"

Ó wá gbé gìtá. Ohùn tó jáde mú kí páànù òrùlé máa gbọ̀n. Mo wo ọkọ mi, ojú rẹ̀ dúró gbagidi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo sáré lọ sẹ́yìn, mo ní kí ọ̀gá náà gbé ohùn sókè. Ó gbé e sókè. Mo padà sí àyè mi.

Orí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń rìn lórí orúnkún rẹ̀, ó ń tẹ okùn tí kò sí níbẹ̀, kò sì ṣi ẹyọ kan. Ibi tí òyìnbó bá dúró ni òun náà ń dúró. Ibi tó bá ti yára, òun náà á yára. Ó ń gbọ́! Omi bọ́ lójú mi. Mo tún sáré padà sẹ́yìn.

"Ẹ fi kún un!"

"Màmá, ó ti tó."

"Ẹ fi kún un, ẹ jọ̀ọ́, ó ń gbọ́ ọ!"

N ò dúró dè é. Mo na ọwọ́ mi fúnra mi, mo yí bọ́tìnnì ohùn dé ibi tí kò lè lọ mọ́.

Nǹkan dún pàù nínú ańpìlífáyà náà. Òórùn wáyà tó jóná gba gbogbo ibẹ̀, àwọn sípíkà sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán ṣì ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo wọn figbe ta.

"Háà! Ọ̀gá, ohùn dà?"

"Ibi tó dùn jù nìyẹn! Ẹ gbà mí o!"

Ọ̀gá náà la ẹnu láti bú mi. N ò gbọ́ ohun tó sọ, torí ojú mi ti bọ́ sára ọkọ mi lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Orí rẹ̀ ń mì. Ìka rẹ̀ ń rìn. Kò sí orin kankan nínú ilé yẹn mọ́, jẹnẹrétọ̀ ìta nìkan ló ń pariwo, ọkọ mi sì ń rẹ́rìn-ín, kò gbé ojú kúrò lára ìka òyìnbó yẹn. Kò mọ̀ pé ohùn ti lọ. Kò sí ohùn kankan tó wọ etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orin tó ti ń ta kí n tó mọ̀ ọ́n ni, inú orí ara rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ, ojú ló sì fi ń tẹ̀ lé e.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà. Ó ti tán. Dókítà ti sọ ọ́ fún mi, mo kàn ń sá fún un ni.

Òṣìṣẹ́ báńkì ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá, ìyẹn náà wò, ariwo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ń retí ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tàbí ẹni tó máa lọ fọwọ́ kàn án léjìká. Ọ̀gá náà nawọ́ láti pa tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó wọ wésíkóòtù awọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní, "a ṣì ń wò ó."

Wọ́n sì jókòó, àwọn aláriwo wọ̀nyí. Wọ́n ń wo òyìnbó tó ń la ẹnu tó ń pa á dé, tó ń fa okùn tí kò dún. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù ti ń dé sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan bèèrè ohùn, ẹni tó so àtàṣímẹ́ǹtì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Òyìnbó náà dé ibì kan, ó fa okùn kan títí ojú rẹ̀ fi rún. Ọkọ mi fò dìde. Ó yíjú sí gbogbo wọn, ojú rẹ̀ ń tàn bí n kò ti rí i láti ìgbà tó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì pariwo:

"Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe fà á?"

Òṣìṣẹ́ báńkì ló kọ́kọ́ dìde.

"A gbọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n!"

"A gbọ́ ọ! A gbọ́ ọ!" Ìyókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń mi orí kí ó lè rí i, ẹni tó wọ wésíkóòtù awọ ń sunkún, ó sì ń pàtẹ́wọ́.

Ọkọ mi wá mi káàkiri títí ojú rẹ̀ fi rí mi nílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbọ́ ọ?"

Mo nu ojú mi. Mo la ẹnu dáadáa kí ó lè rí ètè mi, mo ní, "Mo gbọ́ ọ."