Kọ̀ǹpútà Tí Kò Fẹ́ Ọwọ́ Kàmórù

Ọjọ́ tí kò lè kúrò lọ́kàn mi ni ọjọ́ tí àbúrò mi, Kàmórù, fẹ́ ṣe ìdánwò iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà nílé wa ní Olódì-Àpápá. Kàmórù kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé.

Láàárọ̀, bó ṣe gbé ọwọ́ lé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ló kú. Ó tan án, ó tún kú. Ó ní ètò tó ń darí rẹ̀ ló bàjẹ́, ó pa á rẹ́, ó to tuntun sí i. Ó tún kú. Màmá wa tẹ̀ ẹ́ wò, kò kú.

“Ó mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà,” ni Màmá wí.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi ló ń lọ yìí o.”

“Lọ kírun ọ̀sán ná.”

Kàmórù bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ olóòfà tó ní ó ń fún òun lágbára, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun. Nígbà tó padà dé, láptọ́ọ̀pù ń ṣiṣẹ́ geere. Inú rẹ̀ dùn, ó wọ ẹ̀gbà rẹ̀ padà. Láptọ́ọ̀pù sì kú. Gbogbo wa wo ẹ̀gbà náà. Òòfà inú rẹ̀ ló ń tan láptọ́ọ̀pù jẹ bíi pé wọ́n ti pa ìdérí rẹ̀ dé, ìyẹn ló fi ń kú.

Ó ṣe ìdánwò náà láìwọ ẹ̀gbà, ó sì yege. Tí ẹ bá bi í, á ní fáírọ́ọ̀sì burúkú kan ni òun ṣẹ́gun. Ẹ̀gbà náà wà lára fíríìjì Màmá báyìí, ó di ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ mú.