Bàlúùnù Tí Wọ́n Fẹ́ Sínú Iṣan Ẹsẹ̀ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ ibí, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí ẹsẹ̀ òsì mi yìí. Táyà ni mo ń lẹ ní Ìsọlọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ Ire-Akari. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò tiẹ̀ parí ẹ̀, ṣùgbọ́n táyà tí mo bá lẹ kì í jò! Ẹ bi àwọn onítírélà.

Lọ́dún tó kọjá, tí mo bá rìn díẹ̀, ẹ̀yìn ojúgun mi á máa ro mí gan-an. Tí mo bá dúró, á fi mí sílẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo gé rọ́bà tíúbù àtijọ́, mo fi dì í pinpin, bí a ṣe ń fi di gbogbo nǹkan níbi iṣẹ́ wa. Ta ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan ṣe?

Ìgbà tó yá, egbò yọ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, kò jinná. Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, fà mí lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan ya àwòrán ẹsẹ̀ náà, ó ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti há, pé tí a bá fi falẹ̀, wọ́n lè gé e. Ó ní àwọn máa ki bàlúùnù tín-ínrín bọnú iṣan, àwọn á fẹ́ ẹ kí ọ̀nà là, oògùn ara ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kó má bàa tún há, àwọn á sì yọ bàlúùnù kúrò.

Bàlúùnù? Fún èmi tí mo ti ń fẹ́ tíúbù kí wọ́n tó bí i? Mo bi í pé ṣé ẹ̀jẹ̀ ò ní fọ oògùn náà dànù kó tó débẹ̀. Ibi tó bá tutù, sólúṣọ̀n tiwa gan-an, gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ táyà, kì í mú un!

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí àwọn tó ń ṣe é ń bá jà gan-an nìyẹn, pé ti àkọ́kọ́ máa ń pàdánù oògùn lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń tún un ṣe kó lè dì mú dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá já mi láyà. Tí wọ́n bá ṣì ń tún un ṣe, ṣé ẹsẹ̀ tèmi ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò? Mo ní mi ò fọwọ́ síwèé, àfi tí mo bá rí pákéètì ẹ̀. Wọ́n gbé e wá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń wá déètì lára táyà tòkunbọ̀. Déètì ẹ̀ ò tíì kọjá, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀.

Ni dókítà bá ká ṣòkòtò mi sókè, ó bi mí ohun tó há mi lẹ́sẹ̀ tó fi ní àpá yípo báyẹn. Ìyá Bọ́sẹ̀ ló dáhùn: “Rọ́bà tíúbù ni, dókítà. Òun ni ọ̀gá fi ń tọ́jú ara wọn.”

Dókítà kọjú sí mi: “Bàbá, èmi lẹ ń fura sí, ẹ̀yin sì lẹ ń fún ẹsẹ̀ yín lọ́rùn. Ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń gbìyànjú láti kọjá, ẹ tún dì í pa.”

Ojú tì mí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fọwọ́ sí i. Ojú mi là sílẹ̀ tí wọ́n fi gba orí itan wọlé. Mo ní kí wọ́n máa ka ìṣẹ́jú tí bàlúùnù fi wà ní fífẹ́ sí mi létí, wọ́n sì kà á. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ ìka tó ti tutù bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Egbò náà ti jinná báyìí. Mo ń rìn já Òṣòdì láì dúró!

Wọ́n ní ó ṣì lè tún há, kí n máa wá fún àyẹ̀wò. Mò ń lọ, mo sì ń ṣọ́ wọn.

Ẹ̀kọ́ mi rèé: ẹ bi dókítà ní gbogbo ìbéèrè tó wà nínú yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣe. Ta ni wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún nínú yín? Báwo ló ti pẹ́ tó, tí ọ̀nà náà ò tíì tún há? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, òótọ́ ni kí ẹ sọ o.