Ohùn Tó Dá Bàbá Mi Lóhùn

Ìgbà tí mo kéré, tí ìyá mi ṣì ń dì mí lọ́wọ́ mú sọdá títì ní àdúgbò Bonanjo, iléeṣẹ́ tó ń já kọ̀ǹténà ní èbúté Douala, ní Kamẹrúùnù, ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ńlá ni o. Kọ̀ǹténà tí wọ́n bá ti kó ẹrù inú rẹ̀ tán ló máa ń gbá, tó máa ń fọ̀. Lọ́sàn-án, èmi àti ìyá mi a gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, a débẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun, gbogbo ọgbà dákẹ́ rọ́rọ́. Kọ̀ǹténà nìkan la rí, wọ́n tò wọ́n léra wọn. A kò rí bàbá mi. Àfi bí ohùn rẹ̀ ṣe ń jáde láti àárín irin, ó ń fi oríkì ìyá mi pè é, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo fẹ́ dáhùn, ìyá mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Má dáhùn. Ẹni tí a kò rí ló ń pè yẹn."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n: nílé wa, a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò fojú rí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. A gbé oúnjẹ padà sílé.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí bàbá mi kò dé, ìyá mi sáré padà, mo tẹ̀ lé e. Ó bẹ ṣẹ́fù, ọ̀gá wọn, títí wọ́n fi ṣí àwọn kọ̀ǹténà wò. Inú ọ̀kan ni wọ́n ti bá bàbá mi, ó nà gbalaja. Ẹnì kan ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láìmọ̀. Ó mu omi tán, ó wo ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ṣé tí o dúró tì mí. Bí kì í bá ṣe pé ò ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ìta ní gbogbo ọ̀sán, tí ò ń ní kí n má sùn, ǹ bá ti kú."

 Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Títí bàbá mi fi kú, ìyá mi kò lè sọ fún un pé ilé la wà ní gbogbo ọ̀sán yẹn.

Ayé ti yí padà. Kámẹ́rà ló ń ṣọ́ èbúté báyìí. Ẹ̀yin ọmọ mi ní àdúgbò Yassa níbí, bí fóònù bá ti dún, ẹ ti dáhùn, ẹ kì í bèèrè ẹni tó ń pè. N kò bá yín wí, àṣà wa ló kù díẹ̀ kó pa bàbá mi. Ṣùgbọ́n bàbá mi sọ pé orúkọ tí ìyá mi nìkan fi ń pe òun ni ohùn yẹn fi pe òun. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí bàbá mi fi kú lọ, n kò sì tíì mọ ẹni tó dúró nídìí kọ̀ǹténà náà lẹ́yìn tí a lọ.