Ọdún Tí A Wọn Ara Wa Ní Lẹ́ńtì

Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń sọ sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Èbúté Mẹ́ta. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ máa ń kó aṣọ funfun wọn sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀, wọn kì í sì í mú un jáde àfi ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù. Tí gbogbo wọn bá wá jókòó pa pọ̀ sínú gbọ̀ngàn yẹn lẹ́yìn ìsìn, nínú ooru, lábẹ́ fáànù méjì tó ń yí bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú, òórùn yẹn á gba imú rẹ kan, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni mo máa ń tẹ́ tábìlì sí, tí màá máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Yábà. Sùúrùlérè ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi, kò sì sí bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ṣe lè fọ́ mi léegun tó, mi ò lè sọ fún àwọn ìyá yẹn pé ó rẹ̀ mí.

Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹta níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó di ọ̀gá iléèwé kó tó fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sókè òkun, ṣùgbọ́n Tíṣà ni mo ń pè é, Tíṣà náà ni màá sì máa pè é. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ní àtọ̀gbẹ, èyí tí àwa ará ilé máa ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Mi ò rí aláìsàn tó rọrùn fún nọ́ọ̀sì bíi tirẹ̀. Oògùn àárọ̀, oògùn alẹ́, ó ń lò ó bí ẹni tí wọ́n ń lu agogo iléèwé fún. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún ni pé ó sanra. Àwọn ọmọ àdúgbò kan ti pè é ní òrobó rí lójú ọ̀nà. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́ láàárín oṣù kan.

Ní ọdún yẹn, kò sí fóònù tí dókítà kan báyìí kò sí nínú rẹ̀. Dókítà gidi ni o, ó kàwé ẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀ kó tó di pé fídíò rẹ̀ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Á wọ ẹ̀wù funfun, á gbé ohun tí a fi ń gbọ́ àyà kọ́rùn, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì dùn: òwe níwájú, òwe lẹ́yìn. Ó ń ta ìyẹ̀fun kan nínú tíìnì tí wọ́n ya àwòrán òun fúnra rẹ̀ sí. Kí a máa pò ó mọ́ omi gbígbóná láràárọ̀, á yọ́ ọ̀rá, á fọ ẹ̀jẹ̀, á gbá ṣúgà jáde. Kò jẹ́ sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi oògùn ilé ìwòsàn sílẹ̀. Á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, hóró oògùn tí ẹ ń gbé mì láràárọ̀ yẹn, ṣé ẹ ti bi kíndìnrín yín léèrè ohun tí ojú ẹ̀ ń rí?" Àwa nọ́ọ̀sì máa ń wò ó nígbà tí a bá ń jẹun ọ̀sán, a ó sì rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n á fi pè wá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní kí ó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí ìlera, Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú ló mú. Ó wá lóòótọ́, kò pẹ́ dé, gbogbo wa la sì dìde fún un. Ó sọ̀rọ̀ tán, ó béèrè pé ta ni nọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bá tì mí síwájú. Ó tẹrí ba fún mi lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Àwọn wọ̀nyí gan-an ló ń tọ́jú aláìsàn, àwa dókítà kàn ń gba ìyìn ni." Mo mọ̀ pé ó ń fi ọ̀rọ̀ dídùn ra mí ni, inú mi sì dùn náà. Ó wá ní kí n wọn àwọn ìyá lọ́jọ́ yẹn, kí n tún wọ̀n wọ́n ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé irọ́ ni òun ń pa.

A gbé òṣùwọ̀n jáde. Ṣé o ti rí ibi tí àwọn ìyá ti ń múra àtigun òṣùwọ̀n rí? Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tú gèlè, wọ́n bọ́ aago ọwọ́, ọ̀kan tilẹ̀ bi mí bóyá kí òun yọ eyín àtọwọ́dá. Mo kọ orúkọ bíi ogún sínú ìwé. Tíṣà ló gùn ún kẹ́yìn, ó sì di ojú rẹ̀. Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí mò ń rò nígbà yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo mọ̀ pé ìyẹ̀fun yẹn kò ní ṣe nǹkan kan. Mo ti ṣí tíìnì kan, mo sì gbóòórùn rẹ̀: sóyà yíyan àti atalẹ̀. Mo tún mọ̀ pé wọ́n máa fọn. Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, ti ń wọlé bọ̀. Àwọn ìyá yẹn kì í fi nǹkan kan ẹnu títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fún ogójì ọjọ́. Bó jẹ́ omi lásán ni wọ́n ń mu láràárọ̀, aṣọ á ti máa tú lára wọn kí Àjíǹde tó dé. Mo sọ fún ẹnì kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ pé, "Dókítà yìí gbọ́n o, ó mọ kàlẹ́ńdà ju Fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ." A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Mi ò sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní lọ́kàn mi pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà jẹun tiẹ̀, mo ní sóyà kò pa ẹnikẹ́ni rí, ká má sì tan ara wa, mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa ba ayọ̀ àwọn ìyá jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tú gèlè.

Tíṣà nìkan ni mo pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mà, ẹ ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ o. Ẹ mọ ara yín."

"Mo ti gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Ìyẹ̀fun yìí ńkọ́?"

"Kò lè ṣe yín ní nǹkan kan, mà."

Ó mi orí, ó sì kó tíìnì rẹ̀ sínú báàgì. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò tíì rí irọ́ kankan níbẹ̀.

Dókítà kò wá ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ó rán àwọn tó máa ya fídíò. Fíkà ní kí n wọ aṣọ iṣẹ́ mi funfun, kó lè yẹ wá. Gbogbo wọn ló ti fọn lóòótọ́: kílò mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ara mi. Ó wá kan Tíṣà. Ó ti jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ sí ilé ìtọ̀ nígbà tí wọ́n ń ka ìtàn ìjìyà Olúwa, mo rí i. Ike omi ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gbé sílẹ̀ rárá, mo rí ìyẹn náà. Ó gun òṣùwọ̀n: mẹ́tàléláàádọ́rin. Kílò mọ́kànlá ló ti lọ. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ìyá yìí mà lágídí o, ó ti lọ gbààwẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo tilẹ̀ rọra sọ fún un pé, "Ẹ ò gbọ́ràn, mà," ó sì rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń bá òun ṣeré ni.

Àwọn tó ń ya fídíò ní kí n kà á sókè. Mo dúró ti Tíṣà, mo ṣí ìwé, mo kà á jáde ketekete: ìgbà àkọ́kọ́, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, lónìí, mẹ́tàléláàádọ́rin. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ju imọ̀ ọ̀pẹ sókè. Tíṣà fi etí gèlè nu ojú rẹ̀. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn Àjíǹde, mi ò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo bá yà sílé rẹ̀ nígbà tí ìsìn parí. Òórùn kan pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, irú èyí tí nọ́ọ̀sì kì í béèrè ohun tó jẹ́. Ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí, ó sì fi aṣọ mímọ́ dì í. Sálúbàtà tuntun tó rà fún Àjíǹde ló bó o lẹ́sẹ̀, kò sì tètè mọ̀, torí àtọ̀gbẹ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ìrora mọ́. Ó ti rù kọjá bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ gba ẹ̀jẹ̀ níka rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò fi nọ́mbà kankan hàn, ohun tó fi hàn ni pé ṣúgà náà ti ga kọjá ibi tí òun lè kà dé.

"Mà, oògùn yín ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí dúrọ́ọ̀. Ti oṣù méjì gbáko wà níbẹ̀, ó tò ó dáadáa. Ó ní, "Dókítà ní ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Mo fi í sílẹ̀ díẹ̀ láti wò ó, mo wá rí i pé mò ń fọn. Mo ní ìyẹ̀fun yẹn ń wọ́ọ̀kì nìyẹn."

"Ààwẹ̀ tí ẹ gbà ńkọ́?"

Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí ní kíláàsì kẹta. "Ààwẹ̀ wo? Ṣebí ìwọ lo ní kí n má gbà á."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kílò mọ́kànlá yẹn, kì í ṣe ìyẹ̀fun ló gbé e lọ, kì í sì í ṣe ààwẹ̀. Tí ṣúgà bá kún inú ẹ̀jẹ̀ tí kò sí oògùn tó ń darí rẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀, òùngbẹ á máa gbẹ èèyàn, á sì máa tọ̀ ṣáá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Àìsàn la pàtẹ́wọ́ fún nínú gbọ̀ngàn yẹn, èmi ni mo sì ka nọ́mbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ní ìdáhùn tèmi lọ́wọ́, Lẹ́ńtì ni, mo sì fẹ́ràn ìdáhùn náà torí ó jẹ́ kí n dà bí ẹni tó gbọ́n ju dókítà lọ. Ẹni tí èmi fúnra mi ní kó má gbààwẹ̀ ló dúró níwájú mi, mi ò wò ó.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn, mo wà níbẹ̀, mo rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Mo pe nọ́mbà tó wà lára tíìnì. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló gbé e, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, tíìnì mélòó lẹ fẹ́?" Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó ní ó mà ṣe o, òun á bá mi sọ fún wọn. Ẹnikẹ́ni kò pè mí padà. Mo dìde ní gbọ̀ngàn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ìyá láìfi nǹkan kan pa mọ́, ọ̀kan nínú wọn sì fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn ìpàdé, ó ní, "Ṣùgbọ́n àwa fọn o, Nọ́ọ̀sì." Títí dòní ni àwọn èèyàn ṣì ń fi fídíò tí mo ti ń ka nọ́mbà yẹn ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n á ní ṣé kì í ṣe ìwọ nìyí. Dókítà ti bọ́ sórí títa oògùn ojú báyìí.

Ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n gé e tán, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Tíṣà pé kó dárí jì mí. Mo ní ó yẹ kí n ti sọ fún un pé onírọ́ ni ọkùnrin yẹn.

Ó ní, "Dìde. O rò pé òun ni mo gbà gbọ́? Ọdún mélòó ni mo fi dúró níwájú ọmọdé, mo mọ ojú òpùrọ́. Ìwọ ni. Mo bi ọ́, o ní kò lè ṣe mí ní nǹkan kan. O wá kà á sókè lójú gbogbo ayé. Mo ní ó parí, ọmọ mi ló kà á."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọ kíláàsì ló ṣe sọ ọ́, ó sì ní kí n bá òun fa ìrọ̀rí sókè. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé irú èèyàn méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹni tó ń tanni àti ẹni tí wọ́n tàn, pé èmi wà níta, mò ń wòran. Ó ti wá yé mi. Kò sẹ́ni tó mọ dókítà yẹn ní Èbúté Mẹ́ta. Ojú tí wọ́n ti mọ̀ ló wá yá, èmi ni mo yá a, ìyìn lásán ló sì fi gbà á lọ́wọ́ mi. Mi ò bínú sí i mọ́. Ìbínú ń fẹ́ agbára, mi ò sì ní in.

Gbogbo Sátidé ni mo máa ń gba Costain lọ sílé Tíṣà láti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn èèyàn kò yéé gbé nǹkan wá fún un: tíì, egbò igi, ìyẹ̀fun òmíràn. Kì í fọwọ́ kàn án títí màá fi dé. Á wá nà án sí mi, á ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n lò ó?" Tí mo bá ní rárá, á sọ ọ́ nù lójú mi. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé á ṣí i níbẹ̀ yẹn, kò ní bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti gbàdúrà rí pé kó ṣiyèméjì nípa mi, kó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n lè sinmi. Kò tíì ṣe é. Màá gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀, màá ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára, màá yí i, màá tún kà á, òun á sì jókòó jẹ́ẹ́, á máa wo ẹnu mi.